Òrí tí Mo Fi Wo Kọ̀ǹpútà Mi Sàn

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní Accra nípa ilẹ̀, òkun àti ojú ọjọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá jí mi lójú oorun, mo lè sọ ibi tí ọyẹ́ ti ń gbéra, aginjù tí ó ń là kọjá, oṣù tí ó ń dé etíkun, àti ìdí tí ètè fi ń sán nígbà tí ó bá dé. Mo sọ èyí ní ìbẹ̀rẹ̀ kí òǹkàwé lè mọ̀ pé kì í ṣe àìmọ̀wé ni ó fa ohun tí mo fẹ́ ròyìn. Ìmọ̀ pọ̀ nínú mi nígbà náà. Ibi tí ó yẹ kí n lò ó sí nìkan ni n kò mọ̀.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ọmọ mi fi kọ̀ǹpútà kan ránṣẹ́ sí mi láti òkè òkun. Kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbé sí àyà kiri. Àpótí gíga kan ni, ó ní ojú tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó sì wúwo bí ẹ̀rí ọkàn. Mo gbé e ka orí tábìlì tí mo ti ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ tẹ́lẹ̀ ní ilé wa ní àdúgbò Madina ní Accra. Aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni mo máa ń jókòó tì í, aago mẹ́wàá ni mo sì máa ń dìde. N kì í fọwọ́ kàn án ní ọ̀sán. Ìgbàgbọ́ mi ni pé oúnjẹ ọ̀sán àti ìwé kíkọ kì í gbé inú ènìyàn kan náà pọ̀.

Ìtàn ìdílé wa ni mo ń kọ sínú rẹ̀. Ṣakí ni bàbá wa ti wá sí ilẹ̀ yìí kí wọ́n tó bí èyíkéyìí nínú wa, ó sì ta abọ́ ní Adabraka títí ọlọ́jọ́ fi dé. Nínú gbogbo àwọn tí ó mọ ìtàn náà, ẹnì kan ṣoṣo ló kù, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí ojú rẹ̀ ti ṣú, àmọ́ tí ahọ́n rẹ̀ ṣì mú bí abẹ tuntun. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń wọ ọkọ̀ trotro láti Madina lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní Adabraka ní ọjọọjọ́ Àbámẹ́ta. Òun a máa sọ, èmi a máa kọ ọ́ sínú ìwé, bí ó bá sì di ọjọ́ Ajé, n óò tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, mo máa ń kó àwọn ìwé náà fún obìnrin tí ń din koose, àkàrà àwọn ará ibí, ní ìkòríta wa, kí ó máa fi dì í fún àwọn oníbàárà. Mo ka èyí sí ìmọ́tótó. Ó dá mi lójú pé àwọn kan wà ní Madina tí wọ́n ti nu epo ọwọ́ wọn sí ara bàbá bàbá wa.

Ní àkókò òjò ọdún náà, fáànù kékeré kan nínú àpótí yẹn, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa fẹ́ atẹ́gùn sí ọpọlọ ẹ̀rọ kí ó má baà gbóná jù, bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Igbe rẹ̀ dàbí ti eku tí wọ́n dé mọ́ inú agolo. Ìyàwó mi yọjú láti ilé ìdáná.

"Bàbá àwọn ọmọ, nǹkan yín ń sunkún."

"Fáànù inú rẹ̀ ni."

"Ẹ ò ṣe gbé e lọ bá àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe?"

Ìbéèrè yẹn dùn mí. Ènìyàn tí ó ti ka ìwé nípa ìràwọ̀, nípa òkè tí ń yọ iná àti nípa bí a ṣe ń kan ọkọ̀ ojú omi, ṣé fáànù tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ni yóò gbé e níjà? Mo dúró di ìgbà tí ó jáde lọ sí ọjà. Mo mú ọ̀bẹ tí a fi ń họ iṣu, mo fi tú àwọn súkúrù ẹ̀gbẹ́ àpótí náà, mo sì ṣí bébà pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àárín fáànù. Mo bá ihò kékeré kan lábẹ́ rẹ̀. Ohun gbogbo tí ń yí láyé ló ń fẹ́ ọ̀rá. Ṣùgbọ́n ọ̀rá wo? Epo pupa yóò kùn ún bí ẹni ń kun ilé. Òróró ẹ̀pà yóò pe èèrà. Epo ẹ̀rọ a máa rùn, tábìlì ìwé kì í sì í ṣe ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Ìgbà náà ni mo rántí òrí. Kí ni àwọn ìyá wa ń fi pa imú ọmọ tuntun tí òtútù dí? Òrí ni. Kí ni wọ́n fi ń ra orúnkún àgbà? Òrí ni. Ohun tí ó ń rọ orúnkún ẹni àádọ́rin ọdún, kí ni yóò ṣe tí kò ní í rọ fáànù lásán?

Ìyàwó mi ní ìkòkò òrí kan tí wọ́n bá a rà láti Tamale. Mo wọ yàrá, mo fi àtàǹpàkò bù ú lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fi dí ihò náà bí ẹni ń dí ògiri tó lanu. Nígbà tí mo tan ẹ̀rọ, n kò gbọ́ ohùn kankan mọ́. Àlàáfíà bo gbogbo yàrá. Mo jókòó, mo ká ọwọ́ lẹ́rán bí ọba tí ó ṣẹ́gun.

Nígbà tí ìyàwó mi dé, ó tẹ́tí sílẹ̀ díẹ̀.

"Kí lẹ fi sí i?"

"Epo pàtàkì kan tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń lò."

Ó ṣe hà. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni mo gbọ́ tí ó ń dá sọ̀rọ̀ lórí ìkòkò rẹ̀. "Àwọn eku ilé yìí mà ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara o." Mo sọ fún un pé ọ̀làjú ti dé Madina.

Oṣù mélòó kan kọjá, òjò dá, ooru mú, ẹ̀rọ mi kò sì ké mọ́. Kò sí ìpàdé ìjọ tàbí ìsìnkú tí mo lọ tí n kò ti rí ọ̀nà fi sọ ọ́ létí ẹnì kan pé èmi fúnra mi ni mo tún kọ̀ǹpútà mi ṣe. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ wá mú un padà sí Ṣakí pátápátá. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò gbéra.

"Àbúrò mi, ìwé yẹn ńkọ́?"

"Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ẹ̀gbọ́n mi. Orí kan ló kù."

"Mi ò ní kọjá Aflao láì gbọ́ ọ. Tí mo bá ti kọjá ààlà, ó di ẹ̀yìn ìyẹn. Àti pé ohun tí mo bá ti sọ, mo ti sọ ọ́ tán. Mo ti dà á lé ọ lọ́wọ́. Kò sí nínú mi mọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò bà mí lẹ́rù nígbà tí ó sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọyẹ́ dé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, mo tan kọ̀ǹpútà. Ó là, ó ṣiṣẹ́ fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn lè fi mu ife tíì kan, ó sì kú pì. Mo tún un tàn. Ó tún kú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bákan náà. Ní Ọjọ́rú, mo gbé e sínú búùtù táksì, ó di Odawna, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí ó ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tún irú rẹ̀ ṣe. Ọkùnrin náà so ó mọ́ iná, ó tẹ bọ́tìnì. Ẹ̀rọ náà là bí òdòdó. Odidi wákàtí kan ni a fi wò ó, kò tilẹ̀ wúkọ́.

"Papa, ɛyɛ!" Ó ń sọ ọ́ ní Twi pé ó dára.

"Ó kú ní àárọ̀ yìí. Ojú mi ló ṣe."

Ó wò mí bí dókítà ṣe ń wo arúgbó tí ó ní òun gbọ́ ìró nínú ikùn òun. Nítorí kí n má baà padà lọ́wọ́ òfo, ó pààrọ̀ àpótí kékeré tí ń pín iná fún ẹ̀rọ. Ó tún fi ọ̀wọ̀ bi mí bóyá kí òun ṣe ẹ̀dà ohun tí mo kọ pamọ́ fún mi. Mo kọ̀. Inú ìwé náà ni ó wà pé wọ́n fi bàbá bàbá wa ṣe ìwọ̀fà nígbà kan, èmi kò sì lè fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Odawna, láàrin àwọn tí ń ta ṣòkòtò òkìrìkà.

Ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́fà òwúrọ̀, ó tún kú. Ọjọ́ Ẹtì, mo tún gbé e lọ. Ó tún là ní Odawna.

"Papa, kọ̀ǹpútà yín fẹ́ràn mi ju yín lọ," ni ọkùnrin náà wí, ó sì pààrọ̀ ohun tí ẹ̀rọ fi ń rántí nǹkan bí ó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.

Ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ náà kò tilẹ̀ là mọ́. Igbe kúkúrú mẹ́ta ni ó ké, ó sì dákẹ́. Mo pe ọkùnrin Odawna lórí fóònù. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní bí ó bá ti rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé dísìkì inú rẹ̀, ibi tí gbogbo ìwé mi wà, ló ń kú lọ, kí n gbé e wá kí òun fi tuntun sí i.

"Ìwé inú rẹ̀ ńkọ́?"

"Papa, ẹni tó bá kú kì í fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀."

Mo jókòó sórí ibùsùn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi padà sí etí mi: kò sí nínú òun mọ́. Kò sí nínú rẹ̀, kò sí nínú bébà, ó sì dàbí ẹni pé kò sí nínú ẹ̀rọ. Ìtàn odidi ìdílé ti bá àkàrà lọ.

Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ọmọ ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ wọn wà ní Adabraka tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, obìnrin ni, ìyá rẹ̀ sì ń fi í yangàn.

"Ọmọ àná?" ni mo bi í.

"Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọmọ àná, ẹ ti tún un ṣe tán ni?"

A lọ bá obìnrin náà ní Ọjọ́rú, láìgbé ẹ̀rọ dání, nítorí ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn àìsàn náà. Accra ni wọ́n bí i sí; Yorùbá rẹ̀ ń rìn díẹ̀díẹ̀, ó ń fi Twi àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe ọ̀pá ìtìlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí wa dáadáa, ó sì gbé àga fún wa.

"Bàbá, aago mélòó ló máa ń kú?"

"Òwúrọ̀ ni."

"Ṣé ó ti kú lọ́sàn-án rí?"

"N kì í tàn án lọ́sàn-án."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí mo ti ní in. Ọ̀sán kì í ṣe àkókò ìwé, ọmọ mi."

Ó wo ìyàwó mi. Ìyàwó mi wo àjà. Ó ní kí a gbé e wá ní òwúrọ̀ ọ̀la, kí ilẹ̀ tó gbóná, kí a má fi sí búùtù, kí a gbé e lé ẹsẹ̀, kí a sì ṣí fèrèsé ọkọ̀ sílẹ̀. Mo rò ó pé ọmọ yìí ti ń ṣe wá ní yẹ̀yẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe. Láti Madina dé Adabraka, ọyẹ́ ń fẹ́ lu èmi, ìyàwó mi àti kọ̀ǹpútà, tí awakọ̀ sì ń bẹ̀ wá pé òun ní ikọ́.

Àwọn méjì ti jókòó sórí bẹ́ńṣì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọkùnrin kan tí ó wá gba fóònù rẹ̀ àti obìnrin kan tí ń mu ẹ̀kọ. Obìnrin onímọ̀ ẹ̀rọ náà ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí, ó sì tan iná. Fáànù gbọ̀n, bí ẹni tí ó fẹ́ sín, ó sì dúró. Kíá ni ó paná. Ó fi òwú kan ihò àárín fáànù náà. Ohun tí ó jáde le, ó dúdú, ó ti pò mọ́ eruku. Ó gbóòórùn rẹ̀.

"Bàbá, ta ló ṣí fáànù yìí?"

"Ọkùnrin Odawna ni."

Bẹ́ẹ̀ ni mo wí, èmi tí mo ti na ọmọ tí kò lóǹkà nítorí irọ́ pípa.

"Kí ló fi sí i?"

"Ta ló mọ̀?"

"Ó yẹ kí n mọ̀, Bàbá. Ọ̀rá kan wà tó máa ń gbé iná mànàmáná kọjá bíi wáyà. Tó bá jẹ́ irú ẹ̀, tó sì ti kán sí ìsàlẹ̀ yìí, tí mo bá tún tan iná sí i, gbogbo ẹ̀ lè jó, dísìkì náà á bá a lọ. Mi ò ní tàn án títí màá fi mọ̀. Ẹ fún mi ní nọ́ńbà ọkùnrin yẹn."

"Kì í gbé fóònù ní òwúrọ̀."

"Nọ́ńbà ẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi," ni ìyàwó mi wí, ó sì ti ń ka nọ́ńbà náà fún un.

Obìnrin náà tẹ̀ ẹ́, ó gbé fóònù sí etí. Mo ń gbọ́ bí ó ṣe ń dún lọ́hùn-ún, ní Odawna, lọ́dọ̀ ọkùnrin tí kò ṣẹ̀ mí. Mo wo ìyàwó mi. Mo wo àwọn tí ó wà lórí bẹ́ńṣì, tí wọ́n ti yí ojú sí wa pátápátá. Ọ̀la ni ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Bí mo bá dákẹ́, iyì mi yóò kù fún mi, n óò sì gbé iyì náà lọ bá a, n óò máa ka iyì sí i létí títí dé Aflao.

"Má pè é mọ́," ni mo wí. "Èmi ni."

"Ẹ̀yin ni kí ni, Bàbá?"

"Èmi ni mo ṣí i. Òrí ni mo fi sí i."

"Òrí? Kí ni òrí?"

Ìyàwó mi ni ó dá a lóhùn, díẹ̀díẹ̀, láìgbé ojú kúrò lára mi. "Nkuto."

Ọkùnrin tí ó wá gba fóònù ni ó kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin tí ń mu ẹ̀kọ gbé ife rẹ̀ sílẹ̀ kí ó má baà fún un lórí.

"Ṣé inú ìkòkò mi lẹ ti bù ú?" ni ìyàwó mi bi mí.

"Díẹ̀ ni."

"Epo pàtàkì."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"A jẹ́ pé ẹ̀yin leku."

"Èmi leku," ni mo wí.

Obìnrin onímọ̀ ẹ̀rọ náà ti dorí kodò sórí tábìlì, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tí ó gbójú sókè, ó kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì, ó sì tún rẹ́rìn-ín níbi tí ó kúnlẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà ló wá ṣàlàyé fún mi. Ó ní òrí kì í gbé iná, nítorí náà orí ti kó wa yọ. Ó ní òtútù ni ọ̀tá rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá fẹ́ ní òwúrọ̀, òrí a gan, fáànù kò ní lè yí, ẹ̀rọ a gbóná, a sì pa ara rẹ̀ kí ó má baà jó. Bí ó bá wá di ọ̀sán, tàbí bí wọ́n bá sé e mọ́ búùtù táksì nínú oòrùn Accra, òrí a yọ́, fáànù a máa yí bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

"Ọyẹ́ yìí, Bàbá," ni ó wí, "ó máa ń tutù gan-an láàárọ̀. Láti apá òkè lọ́hùn-ún ló ti ń wá."

Mo mi orí bí ọmọ tí ó jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì.

Ó yọ fáànù náà, ó fi tuntun sí i, ó sì fi sípírítì nu gbogbo àyíká rẹ̀. Nígbà tí ó tan iná, ẹ̀rọ náà là, ìwé mi sì wà níbẹ̀ láìkù síbì kan.

"Bàbá, ṣé kí n fi ẹ̀dà kan sínú fíláàṣì fún yín?"

"Fi méjì."

Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó yá mi ní àga rẹ̀. Orí tí ó kù, ibẹ̀ ni mo ti kọ ọ́, láàrin ariwo ọkọ̀ Adabraka, pẹ̀lú ìrẹsì àti ẹja dídín lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, títí oòrùn fi kọjá àtàrí. Ọ̀sán gangan ni. Kò sí ohun tí ó ṣe mí. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tu ojú ìwé jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbóná lọ́wọ́ mi bí àkàrà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo bá ẹ̀gbọ́n mi lórí àga láàrin àwọn ẹrù rẹ̀, gèlè ti wà lórí. Mo kà á sí i létí. Ó pa ojú dé, ó ń mi orí. Nígbà tí mo dé ojú ìwé kejì, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ta ló sọ pé ẹsẹ̀ ni bàbá wa fi rìn dé Accra?"

"Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Irọ́ ni mo pa. Lọ́rì ló wọ̀. Ó kàn dùn ún sọ bẹ́ẹ̀ ni. Pa á rẹ́."

Mo mú bírò, mo pa á rẹ́. "Èwo ni irọ́ mìíràn níbẹ̀?"

"Máa kà á. Bí a bá dé ibẹ̀, màá gbé ọwọ́ sókè."

Ó gbé e sókè ní ojú ìwé karùn-ún, ó gbé e ní ìkeje, ó gbé e lẹ́ẹ̀mẹta nínú ìkọkànlá nìkan. A kò tíì dé ìdajì tí ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè níta. Ọmọ rẹ̀, tí òun pàápàá ti hu ewú, wọlé pẹ̀lú báàgì méjì lọ́wọ́.

"Màmá, awakọ̀ ní ká máa lọ o."

"Ní kó paná ọkọ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, láìla ojú. "Nínú ìwé yìí, a ò tíì bí ọ."